Ohun tí ìjà Martin Luther King gbà lọ́wọ́ aya àti àwọn ọmọ rẹ̀

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1960, pásítọ̀ adúláwọ̀ kan gbéra láti Amẹ́ríkà wá sí Èkó. Oṣù tó ṣáájú la ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, wọ́n sì fẹ́ búra fún Nnamdi Azikiwe gẹ́gẹ́ bíi Gómìnà-Àgbà. Ìyẹn ló bá wá. Ọmọ ọdún 31 péré ni. Ẹni tó bá rí i níbi ayẹyẹ yẹn lè má mọ̀ pé kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n tú u sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, àti pé oyún bí oṣù méje ló wà nínú ìyàwó ẹ̀. Martin Luther King ni mò ń sọ.

Gbogbo wa la mọ King orí pèpéle. Ọ̀rọ̀ àlá tó sọ ní Washington lọ́jọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 1963, kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀ rí. Nígbà tí mo wà ní Poli, odidi ọ̀sẹ̀ méjì la fi tú ọ̀rọ̀ yẹn wò, ṣùgbọ́n mi ò rántí pé ẹnikẹ́ni dárúkọ ìyàwó ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin yìí nílé. Ó níyàwó, ó bímọ mẹ́rin, ó ní bàbá tó le koko, ó ní ìyá tó fẹ́ràn ẹ̀ bí ojú. Àwọn ará ilé yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn lónìí, torí pé bí mo ṣe ń ka ìtàn wọn ni mò ń rí i pé ìjà tí King jà, kì í ṣe òun nìkan ló jẹ ìyà ẹ̀.

Ìlú Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1929, nínú ilé àwọn òbí ìyá ẹ̀ tó wà ní òpópónà Auburn. Michael ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́, orúkọ bàbá ẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún 1934, bàbá yìí, tóun náà jẹ́ pásítọ̀, lọ sí ìpàdé àwọn Onítẹ̀bọmi àgbáyé ní Jámánì, ilẹ̀ tí Martin Luther ti bá Póòpù fa wàhálà láyé àtijọ́. Lẹ́yìn tó dé ló yí orúkọ padà, tiẹ̀ àti ti ọmọ. Ṣùgbọ́n nínú ilé, M.L. ni wọ́n ń pe ọmọ náà ní tiwọn.

Àwọn mẹ́ta ni ìyá wọn, Alberta, bí: Christine ni àkọ́bí, M.L. tẹ̀ lé e, A.D. sì ni àbíkẹ́yìn. Bàbá wọn kì í fi pàṣán ṣeré rárá. Tí wọ́n bá ń na M.L., kì í ké, omi á kàn máa dà lójú ẹ̀ ni. Ìyá tó bí ìyá wọn, Jennie Williams, ni kì í lè wò ó, torí ààyò ìyá àgbà ni ọmọ yẹn. Lọ́jọ́ kan ní oṣù karùn-ún ọdún 1941, M.L. tó jẹ́ ọmọ ọdún 12 yọ́ jáde nílé lọ wo àwọn tó ń yan lójú títì. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ló wà tí wọ́n fi wá sọ fún un pé ìyá àgbà ti kú. Lójú tiẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ tóun dá ló pa ìyá yẹn. Ló bá gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó bẹ́ láti ojú fèrèsé. Ọlọ́run ló bá wọn ṣe é tí kò kú. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ èyí, torí pé bó ṣe máa ń di ẹ̀bi ru ara ẹ̀ yìí, bó ṣe wà títí ọjọ́ ikú ẹ̀ nìyẹn.

Ọdún 1952 ló pàdé Coretta Scott nílùú Boston. Òun ń kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Boston, Coretta ń kọ́ iṣẹ́ orin kíkọ ní New England Conservatory. Ọ̀rẹ́ kan ló fún King ní nọ́ńbà fóònù ọmọbìnrin náà. Nígbà tí Coretta kọ́kọ́ rí i, ó kúrú lójú ẹ̀, kò wù ú. Àmọ́ ẹnu ọkùnrin yìí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jọ jáde yẹn náà ló ti sọ fún un pé gbogbo ohun tóun ń wá lára ìyàwó lòun ti rí lára ẹ̀.

Coretta kì í ṣe ẹni tí wọ́n kàn ń wọ́ tẹ̀ lé ọkọ o. Ọmọ àgbẹ̀ ni, láti apá Marion ní Alabama, ó ti ja òwú lóko nígbà tó wà lọ́mọdé. Ọdún 1942 ni ilé wọn jóná, ilé ìlagi tí bàbá ẹ̀ rà tún jóná lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n sì fura sáwọn òyìnbó tí inú wọn ò dùn pé aláwọ̀ dúdú ń lówó lọ́wọ́. Obìnrin tó ti rí iná báyìí kì í tètè sá fún èéfín. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣègbéyàwó lọ́jọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1953, nínú ọgbà ilé àwọn òbí ẹ̀, bàbá King ló so wọ́n pọ̀. Coretta sì sọ fún bàbá ọkọ ẹ̀ yìí, bó ṣe le tó, pé kó yọ ibi tí ìyàwó ti ń jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun á máa gbọ́ràn sí ọkọ lẹ́nu kúrò. Wọ́n yọ ọ́.

Ibo ni wọ́n sùn lálẹ́ ìgbéyàwó? Kò sí hòtẹ́ẹ̀lì tó máa gba aláwọ̀ dúdú lágbègbè yẹn. Ilé ọ̀rẹ́ ẹbí kan ni wọ́n sùn, iṣẹ́ ìsìnkú lonítọ̀hún ń ṣe, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tọ́jú òkú. Tẹ́ ẹ bá tún ń ráhùn pé ẹ̀rọ amúlétutù hòtẹ́ẹ̀lì ò tutù tó lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín, ẹ rántí Coretta.

Ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n máa gbé ló kọ́kọ́ fa àríyànjiyàn láàárín wọn. Coretta fẹ́ kí wọ́n dúró sí apá òkè Amẹ́ríkà, níbi tó ti lè fi ohùn ẹ̀ jẹun. King ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún làwọn èèyàn òun wà. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n lọ. Lọ́dún 1954 ó di pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Dexter Avenue ní Montgomery, Alabama, obìnrin tó kọ́ṣẹ́ orin sì di ìyàwó pásítọ̀. Ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1955 ni wọ́n bí Yolanda, àkọ́bí wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn ìyẹn, lọ́jọ́ kìíní oṣù kejìlá, ni ọlọ́pàá mú Rosa Parks nítorí pé kò dìde fún òyìnbó nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ wo ohun tí mò ń sọ: ọmọ náà ò tíì pé oṣù kan tí bàbá ẹ̀ fi di olórí ìjà tí wọ́n fi 381 ọjọ́ jà.

Fóònù ilé wọn ò sinmi mọ́. Èébú, ìhàlẹ̀, ọ̀rọ̀ rírùn. Ní òru ọjọ́ kan lóṣù kìíní ọdún 1956, ẹnì kan tún pè, ó ní kí King kó kúrò nílùú tí kò bá fẹ́ kí wọ́n fọ́ ọpọlọ ẹ̀, kí wọ́n sì fọ́ ilé ẹ̀. Ìyàwó àti ọmọ ti sùn. King lọ sí kíṣìnì, ó se kọfí, ó gbórí lé ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, ó sọ fún Ọlọ́run pé ó ti sú òun, ẹ̀rù ń ba òun. Ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ ni ọmọ jòjòló tó wà nínú yàrá, pé wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ òun nígbàkigbà. Òun fúnra ẹ̀ sọ lẹ́yìn ìgbà náà pé tábìlì kíṣìnì yẹn lòun ti rí okun tóun fi ń bá ìjà náà lọ.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, lọ́jọ́ 30 oṣù kìíní, wọ́n ju bọ́ǹbù sí iwájú ilé. King wà níbi ìpàdé. Coretta, Yolanda, àti obìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì ló wà nínú ilé. Coretta gbọ́ tí nǹkan já lulẹ̀ níwájú ilé, ojú ẹsẹ̀ ló mórí lé ẹ̀yìn ilé, ìyẹn ló kó wọn yọ. Nígbà tí King máa dé, àwọn aláwọ̀ dúdú ti kún ìta, àwọn mìíràn mú ìbọn dání, wọ́n ṣe tán láti gbẹ̀san. Òun ló rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa lọ sílé.

Gbogbo ìwé ló ń sọ bó ṣe bá èrò yẹn sọ̀rọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé lẹ́yìn náà ló jọ mí lójú jù. Bàbá Coretta wa mọ́tò dé lóru pé kí ọmọ òun àti ọmọ-ọmọ òun ká lọ. Bàbá King náà dé láti Atlanta, ó ní kí gbogbo wọn kó kúrò. Bàbá méjì, àgbàlagbà méjì, wọ́n jókòó, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n ń bínú. Coretta ní òun ò lọ. Ó ní ibi tí ọkọ òun bá wà lòun máa wà. Ọmọ ọdún 28 ni nígbà yẹn, pẹ̀lú ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta lọ́wọ́. Kí lẹ rò pé ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní ó dì ẹrù lóru yẹn? Lójú tèmi, ìjà Montgomery ì bá parí síbẹ̀.

Nǹkan mìíràn tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ìbọn wà nílé wọn nígbà náà. Lẹ́yìn bọ́ǹbù yẹn, King tilẹ̀ lọ tọrọ ìwé àṣẹ kó lè máa mú ìbọn rìn, àwọn aláṣẹ kò fún un. Lẹ́yìn náà lòun àti Coretta jókòó sọ ọ́. Báwo lèèyàn ṣe máa ní káwọn ará ìlú má jà, kí ìbọn wà lábẹ́ òrùlé ẹ̀? Wọ́n mú ìbọn náà kúrò. Àwa ń rò pé inú ìwé Gandhi nìkan ni ọkùnrin yìí ti kọ́ ìjà láìlo ipá. Nínú ilé, tọkọtaya pinnu pé tí wọ́n bá tún wá, àwọn ò ní ní nǹkan kan lọ́wọ́, tọmọtọmọ.

Àwọn ọmọ ń dé ṣá. Martin Kẹta lọ́dún 1957, Dexter ní oṣù kìíní ọdún 1961, Bernice ní oṣù kẹta ọdún 1963. Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹ̀wọ̀n tí mo mẹ́nu bà lókè. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1960, wọ́n ti kó padà sí Atlanta, wọ́n mú King níbi tí òun àtàwọn ọmọ iléèwé ti lọ jókòó sílé ìtajà Rich's. Wọ́n tú àwọn yòókù sílẹ̀, wọ́n mú tiẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí ẹjọ́ ìwé àṣẹ ìwakọ̀ kan tó ti wà nílẹ̀, adájọ́ sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́rin pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára. Ní òru ni wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Reidsville. Coretta, tó lóyún Dexter, gbà pé wọ́n lè pa á síbẹ̀. John Kennedy, tó ń du ipò ààrẹ, pè é lórí fóònù, ó bá a kẹ́dùn, àbúrò Kennedy sì bá adájọ́ sọ̀rọ̀. Bó ṣe jáde nìyẹn. Bàbá King, tó ti ní Nixon lòun máa dìbò fún, sọ ọ́ ní gbangba pé òun ti yí padà. Ìpè fóònù kan péré sí aláboyún, ó wúlò fún Kennedy gan-an lọ́jọ́ ìbò.

Àwọn ọmọ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ rí bàbá wọn. Ṣùgbọ́n tó bá wà nílé, ilé á dàrú ni! Ó máa ń gbé wọn sórí firíìjì, kí wọ́n máa bẹ́ sílẹ̀ sí i lọ́wọ́, ọkàn Coretta á sì fò lọ. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tiẹ̀ lójú bàbá yẹn tó máa ń fẹnu kò, iwájú orí ni ti Bernice. Ẹni tó jẹ́ pé gbogbo ayé rí i bí ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín, apanilẹ́rìn-ín ni láàárín ẹbí, ó máa ń sín àwọn pásítọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀ jẹ.

Funtown ńkọ́? Ibi ìgbafẹ́ ọmọdé kan ní Atlanta ni, tẹlifíṣọ̀n ò yé polówó ẹ̀. Gbogbo ìgbà ni Yolanda ń dà á láàmú pé kó mú òun lọ. Funtown kì í gba ọmọ aláwọ̀ dúdú. Ọkùnrin tó ń bá ààrẹ Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù ń wá àwáwí fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Nígbà tó yá, ó di dandan kó sọ òótọ́ fún un, omi sì dà lójú ọmọ. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún débi pé ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà tó kọ látinú ẹ̀wọ̀n Birmingham lọ́dún 1963. Nígbà tí Funtown wá ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo èèyàn lẹ́yìn náà, ó mú Yolanda lọ.

Ẹ̀wọ̀n Birmingham yẹn pàápàá, ẹ ṣírò ẹ̀. Ọjọ́ 28 oṣù kẹta ni Coretta bí Bernice. Ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ni wọ́n ti ọkọ ẹ̀ mọ́lé. Ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì ló wà lọ́wọ́ ìyá yẹn nígbà tó ń wá bó ṣe máa gbọ́ ohùn ọkọ ẹ̀. Lẹ́tà tí King kọ níbẹ̀, gbogbo yunifásítì ló ń kọ́ ọ títí dòní. Àwọn ọ̀sẹ̀ ìkọ́mọ tí Coretta nìkan gbé, kò sí ẹni tó ń kọ́ ìyẹn.

Coretta fúnra ẹ̀ ò fẹ́ jókòó sílé. Ìbínú wà níbẹ̀ o, wọn ò sì fi pa mọ́ fún ara wọn. King gbà pé obìnrin ní láti dúró ti ọmọ, pé tí wọ́n bá ti àwọn méjèèjì mọ́lé, ta ló máa tọ́jú wọn? Lójú mi, ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání, àmọ́ ó tún rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Coretta ṣáà wá ọ̀nà tiẹ̀: láti ọdún 1964 ló ti ń kọrin káàkiri láti fi kówó jọ fún ìjà náà, nígbà tó sì di oṣù kẹfà ọdún 1965, ó ti dìde sọ̀rọ̀ lòdì sí ogun Vietnam níbi ìpéjọ ńlá kan ní New York, ṣáájú kí ọkọ ẹ̀ tó wá gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ní gbangba.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀bùn Nobel dé lọ́dún 1964, ó tó bíi $54,000. Àárẹ̀ ti gbé King lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé, Coretta ló fóònù sọ fún un. Coretta ní kí wọ́n yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. King kọ̀, ó ní ti ìjà ni gbogbo ẹ̀. Ọdún 1965 ni wọ́n tó ra ilé, $10,000, ní òpópónà Sunset, ó sì ń jẹ ọkùnrin yìí lọ́kàn pé òun nílé tara òun nígbà tí ọ̀pọ̀ ò ní. Mo gba fún un. Àmọ́ ìyá ọmọ mẹ́rin tó mọ̀ pé wọ́n lè pa ọkọ òun nígbàkigbà, ohun tó tọrọ yẹn kò pọ̀ jù.

Mi ò wá ní fo ibi tó le jù. King ń bá àwọn obìnrin mìíràn ṣe nígbà tó bá wà lẹ́yìn odi. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ tímọ́tímọ́, Ralph Abernathy, kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún 1989, ọ̀pọ̀ ò sì dárí jì í pé ó kọ ọ́. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI ti mọ̀ tipẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1963 ni Robert Kennedy, tó jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́, fọwọ́ sí i kí wọ́n máa gbọ́ fóònù King. FBI tún gbé ẹ̀rọ pamọ́ sínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1964, wọ́n di téèpù kan pọ̀ mọ́ lẹ́tà tí kò lórúkọ, wọ́n fi ránṣẹ́. Ohun tí lẹ́tà náà ń fẹ́ ni pé kí King pa ara ẹ̀. Ọjọ́ 34 ni wọ́n dá fún un.

Ta ló ṣí i? Coretta ni. Nínú oṣù kìíní ọdún 1965, ó rò pé téèpù ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ọkọ ẹ̀ sọ níbìkan ni, torí òun ló ń tọ́jú wọn. Ẹ fojú inú wò ó. Ìjọba orílẹ̀-èdè yín fi ìdọ̀tí ilé yín ránṣẹ́ sí yín nínú páálí. Lójú ayé, obìnrin yìí ò fún wọn ní ohun tí wọ́n ń wá: ó ní ohun tó wà nínú téèpù náà ò yé òun, kò sì yọ ọkọ ẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ nínú yàrá, tiwọn ni.

Mo mọ̀ pé ìwòyí, tẹ́ ẹ bá gbọ́ irú èyí, ẹ̀gbẹ́ méjì lẹ máa ń pín sí: àwọn kan á ní irọ́ ni, àwọn kan á ní ká jù ú nù. Èmi ò sí nínú ìkankan. Ohun tó ṣe ìyàwó ẹ̀ kò dáa, orúkọ mìíràn ò sí fún un. Ohun tí FBI ṣe burú ju ìyẹn lọ fíìfíì. Coretta ló gba méjèèjì sára pọ̀, torí òun ni wọ́n já páálí náà lé lọ́wọ́. King pàápàá ò rí oorun sùn dáadáa láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ẹ̀rí ọkàn ń jà á. Ọmọ ọdún 12 tó bẹ́ lójú fèrèsé yẹn ṣì wà nínú ẹ̀.

Lọ́dún 1966 ó gba yàrá níbi táwọn tálákà ń gbé ní Chicago, $90 lóṣù, ó kó ìyàwó àtọmọ lọ bá a nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibi ìṣeré ò sí, ooru mú, ìtọ̀ ń rùn lẹ́nu ọ̀nà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ làwọn ọmọ ti yàtọ̀: wọ́n ń jà, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń bínú lórí ohun tí kò tó nǹkan. King máa ń sọ ìtàn yẹn káàkiri láti fi ṣàlàyé ohun tí ilé burúkú ń fi ọmọ ṣe. Ó fi ọmọ ara ẹ̀ dán an wò.

Ní oṣù kẹta ọdún 1968, ó fi òdòdó ránṣẹ́ sí Coretta. Ó ti máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ èyí yàtọ̀, òdòdó oníke ni, pupa. Nígbà tí Coretta bi í, ó ní òun fẹ́ fún un ní ohun tó máa lè tọ́jú títí lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ 4 oṣù kẹrin, ó wà ní Lorraine Motel, ní Memphis. Àbúrò ẹ̀, A.D., dé bá a. Àwọn méjèèjì pe ìyá wọn lórí fóònù, wọ́n ń yí ohùn padà kí ìyá má mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Ní Atlanta, Coretta mú Yolanda lọ ra aṣọ ọdún Àjíǹde. Kò pẹ́ tí wọ́n délé tí Jesse Jackson fi pè. Àwọn ọmọkùnrin gbọ́ ọ nínú tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ ọdún 39 ni bàbá wọn. Yolanda jẹ́ 12, Martin 10, Dexter 7, Bernice 5.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀, kí wọ́n tó sìnkú, Coretta kó mẹ́ta nínú wọn lọ sí Memphis, ó ṣáájú ìwọ́de tí ọkọ ẹ̀ fẹ́ ṣe fún àwọn agbálẹ̀ ìlú. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Moneta Sleet ya fọ́tò Bernice tó gbórí lé itan ìyá ẹ̀, fọ́tò yẹn gba ẹ̀bùn Pulitzer. King ò kọ ìwé ìpíngún, kò sì fowó sílẹ̀. Harry Belafonte, olórin, ló ti ń bá wọn sanwó ẹni tó ń tọ́jú ọmọ, òun náà ló ti ra ìbánigbófò fún ẹ̀mí King.

Ilé yẹn ò tíì bọ́ o. Ní oṣù keje ọdún 1969, wọ́n bá òkú A.D. nínú omi ìwẹ̀ ilé ẹ̀. Lọ́jọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1974, ìyá wọn ń tẹ dùùrù nínú ṣọ́ọ̀ṣì Ebenezer ní ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀dọ́kùnrin kan dìde, ó yìnbọn pa á. Kóòtù dájọ́ ikú fún apààyàn náà. Bàbá King, tó ti sin ọmọkùnrin méjì, tó tún sin ìyàwó, ní òun ò kórìíra ẹnikẹ́ni, ẹbí náà sì ta ko pípa tí wọ́n fẹ́ pa á. Lọ́dún 1995 wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n gbére, bàbá náà ti kú ní 1984. Orúkọ tó gbayì ni wọ́n fún Martin, àmọ́ tó bá jẹ́ ti ìjà láìlo ipá, ẹ má yọ bàbá yìí sẹ́yìn.

Coretta gbé ilé iṣẹ́ ìrántí King Center kalẹ̀, ó fi ọdún 15 jà títí Reagan fi buwọ́ lu òfin ìsinmi ọjọ́ ìbí King lọ́dún 1983. Kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Ó kú lọ́jọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2006, àyájọ́ ọjọ́ tí wọ́n ju bọ́ǹbù sílé wọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Yolanda kú. Nígbà tí ìyá ò sí mọ́, àwọn ọmọ gbé ara wọn lọ sí kóòtù lórí ogún, lọ́dún 2014 ó ti di ẹjọ́ lórí àmì ẹ̀yẹ Nobel àti Bíbélì bàbá wọn. Àwọn èèyàn bú wọn gan-an. Èmi ò lè bú wọn. Dexter, tó jọ bàbá wọn bí ìmumu, kú ní oṣù kìíní ọdún 2024.

Àwọn téèpù FBI yẹn, kóòtù pàṣẹ lọ́dún 1977 pé kí wọ́n tì wọ́n pa fún àádọ́ta ọdún. Ọdún 2027 ni àádọ́ta ọdún náà pé. Nínú ọmọ mẹ́rin, Martin Kẹta àti Bernice ló kù tó máa gbọ́ ohun tí ayé bá sọ nípa wọn.